Ẹ Dẹ Òfin, Ẹ Má Dẹ Ìwà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìjáde Gọ́ọ̀fù

Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Kò gùn rárá, ọ̀rọ̀ méjì péré ni: "Eré ni."

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ilé iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ aláàánú jáde lọ gbá gọ́ọ̀fù rí yóò ti gbọ́ ọ. Ọ̀gá kan fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò nídìí igi, eré ni. Ẹnìkan gbá bọ́ọ̀lù sáàárín àwọn tí ó wà níwájú, kò sì pariwo láti kìlọ̀ fún wọn, eré ni. Ikọ̀ kan mú káàdì wálé pẹ̀lú òǹkà tí àwọn fúnra wọn kò gbà gbọ́, eré ni. Ìjáde parí, àwọn tí ó ru àpò igi láti àárọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọn kò rí owó gbà. Ẹ má bínú, eré ni.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ èdá-èdè pẹ̀lú pápá gọ́ọ̀fù. Ohun tí ó kàn mí níbẹ̀ ni pé èdè wa ni a fi ń bo ìwàkiwà yìí mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni "eré" nínú èdè Yorùbá. A ń sá eré, a ń ṣe eré, a ń lọ wo eré lórí ìtàgé, a sì ní eré ìdárayá. Kò sí èyí tí ó túmọ̀ sí àìnítìjú nínú gbogbo wọn. Àwọn baba wa tí wọ́n ní "eré ni" náà ni wọ́n ní "bí eré bí eré", gbólóhùn tí a fi í bẹ̀rẹ̀ ìtàn ohun tí ó ti ibi ẹ̀rín di ẹkún. Ẹni tí ó bá mú ìkíní lò tí ó fi ìkejì sílẹ̀, ìdajì ọgbọ́n ni ó mú.

Èrò tèmi kò lọ́jú pọ̀. A lè dẹ òfin gọ́ọ̀fù níbi ìjáde ìgbafẹ́, ó tilẹ̀ yẹ kí a dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí òfin bá ṣe ń dẹ̀ tó ni ìwà gbọ́dọ̀ ṣe máa le tó, nítorí pé nígbà tí òfin bá ti kúrò lójú ọ̀nà, ìwà nìkan ni ó kù tí ó ń dáàbò bo ẹni tí kò lágbára.

Òfin tí ó yẹ kí a dẹ̀

Fún àǹfààní àwọn tí kò gbá gọ́ọ̀fù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ níbi irú ìjáde bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè ní scramble. Ènìyàn mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà nínú ikọ̀ kan. Gbogbo wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù láti ojú ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò yan èyí tí ó bọ́ síbi tí ó dára jù, àwọn mẹ́ta yòókù yóò ṣa tiwọn, gbogbo wọn yóò sì tún gbá láti ibi tí bọ́ọ̀lù àyànfẹ́ náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe títí bọ́ọ̀lù yóò fi wọ ihò, òǹkà kan ṣoṣo ni wọn yóò sì kọ sílẹ̀ fún gbogbo ikọ̀.

Ọgbọ́n àwọn àgbà wa wà nínú ètò yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó lágbára láti gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà lè má ní sùúrù láti rọra tì í wọ ihò; màmá tí kò lè gbá a jìnnà lè jẹ́ ọ̀gá nídìí ihò. Ní ibi púpọ̀, ìlànà wà pé ikọ̀ gbọ́dọ̀ lo bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mélòó kan kí ihò 18 tó pé. Ìlànà tí ó dára gan-an nìyẹn, nítorí kò gba ọ̀jẹ̀ láyè láti sọ àwọn yòókù di òǹwòran.

Àwọn ìdẹ̀ra mìíràn náà wà. Mulligan ni àǹfààní láti tún bọ́ọ̀lù tí ó bàjẹ́ gbá láìka ti àkọ́kọ́. Kò sí nínú ìwé òfin gọ́ọ̀fù rárá, ṣùgbọ́n níbi ìjáde aláàánú, wọn a máa tà á, owó rẹ̀ a sì lọ sínú àpò àánú. Bọ́ọ̀lù tí ó bá kù díẹ̀ kí ó wọ ihò, a lè ní kí oníbọ́ọ̀lù ṣa á, kí a kà á sí pé ó ti wọlé. Nínú ìwé òfin, inú ìdíje tí a ti ń fi ihò kọ̀ọ̀kan bá alátakò figagbága nìkan ni èyí ti tọ̀nà. A tún lè pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ju iye kan lọ lórí ihò kan, kí ó ṣa bọ́ọ̀lù rẹ̀ kí ó máa bọ̀.

Mo fara mọ́ gbogbo ìwọ̀nyí. Òǹkà scramble kì í wọ inú ìṣirò tí a fi ń mọ ìpele agbágọ́ọ̀fù, nítorí náà kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá gbé ìwé òfin lọ síbi ìjáde ìgbafẹ́, tí ó ń ka abala rẹ̀ sétí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di igi gọ́ọ̀fù mú lánàá, òun náà kò mọ ìwà hù. Ẹni tí a pè wá ṣeré, a kì í dójú tì í.

Ìwé kan náà ni ó dẹ òfin tí ó sì gbé ìwà ga

Àwọn tí ó rò pé òfin àti ìwà jẹ́ ohun kan náà, kí wọ́n lọ wo ìtàn eré yìí. Ní 1744, ní Leith ní ilẹ̀ Scotland, òfin 13 péré ni àwọn agbágọ́ọ̀fù kọ sílẹ̀ fún ìdíje wọn. Láti ìgbà náà ni òfin ti ń pọ̀ tí ó sì ń yí padà. Títí di òpin ọdún 2018, ọ̀rọ̀ ìwà ni ìpín kìíní nínú ìwé òfin, kí òfin gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ eré náà, R&A àti USGA, tún ìwé náà kọ fún 2019, wọ́n dẹ ohun púpọ̀. Wọ́n gbà kí àsíá dúró sínú ihò nígbà tí a bá ń ti bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí ẹni tí ó bá ti múra tán gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀, kò dìgbà tí ó bá kàn án. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ṣe sí ìwà? Wọ́n mú un wọ inú Òfin 1 fúnra rẹ̀: kí òṣèré jẹ́ olóòótọ́, kí ó bọ̀wọ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó tọ́jú pápá. Wọ́n tún gba àwọn ìgbìmọ̀ láyè láti ṣòfin ìwà tiwọn, kí wọ́n sì fi ìyà tì í lẹ́yìn. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn.

Ẹ tún wo àpẹẹrẹ méjì tí àwọn agbágọ́ọ̀fù kì í jẹ́ kí ó kú. Ní 1925, níbi ìdíje U.S. Open, bọ́ọ̀lù Bobby Jones mì díẹ̀ nínú koríko bí ó ti fẹ́ gbá a. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn, ó sì gba ìyà ẹyọ kan lé òǹkà rẹ̀ lórí. Nígbà tí ìdíje parí, òun àti Willie Macfarlane jọ ní iye kan náà, Macfarlane sì fìdí rẹ̀ janlẹ̀ nígbà tí wọ́n tún un gbá. Ẹyọ kan yẹn ni ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1969, níbi Ryder Cup ní Royal Birkdale, ó kù bí ẹsẹ̀ bàtà méjì kí bọ́ọ̀lù Tony Jacklin wọ ihò ìkẹyìn. Jack Nicklaus, alátakò rẹ̀, sọ fún un pé kí ó ṣa á, ó ti wọlé. Báyìí ni Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó pín ìdíje náà ní 16 sí 16, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Jones kò dẹ òfin fún ara rẹ̀. Nicklaus dẹ̀ ẹ́ fún ẹlòmíràn, níbi tí òfin ti fún un láyè. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà láàárín àwọn méjèèjì. Èyí tí a bá dẹ̀ fún ẹlòmíràn, tàbí tí gbogbo wa bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ìyọ̀ǹda ni. Èyí tí ẹnìkan bá dá dẹ̀ fún ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, jìbìtì ni.

Ta ni eré náà jẹ́ eré fún?

Ìbéèrè tí "eré ni" kì í fẹ́ kí a bi í nìyí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà lórí pápá ni ó ń ṣeré.

Ẹ mú kádì ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń gbé àpò tí ó kún fún igi gọ́ọ̀fù kiri fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú oòrùn. Òun ni ó ń wá bọ́ọ̀lù nínú igbó, òun ni ó ń sọ fún ọ̀gá bí ilẹ̀ ṣe dagun. Níbi ìjáde kan tí mo bá wọn dé, tí n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó gbé e kalẹ̀, gbogbo agbágọ́ọ̀fù ni ó gba fìlà, ẹ̀wù àti àpò tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí. Ilẹ̀ ṣú, àwọn kádì ṣì wà lábẹ́ igi. Àwọn agbágọ́ọ̀fù rò pé ilé iṣẹ́ ti san owó wọn. Ilé iṣẹ́ rò pé agbágọ́ọ̀fù ni yóò san án. Ẹnikẹ́ni kò jalè, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀, èsì tí ó gbọ́ ni pé kí ó fara balẹ̀, ṣebí ìgbafẹ́ ni gbogbo wa wá ṣe. Gbogbo wa kọ́! Iṣẹ́ ni òun wá ṣe.

Ẹ tún wo ti ewu. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta, ó sì lè sáré ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Níbi ìjáde, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbá pọ̀, ọtí lè ti wọ ara, ikọ̀ púpọ̀ sì wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Igbe "Fore!" tí a fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àṣà àwọn ọlọ́lá tí a lè fi sílẹ̀ nítorí pé ọjọ́ ìgbafẹ́ ni. Ọjọ́ ìgbafẹ́ gan-an ni a nílò rẹ̀ jù. Ẹni tí ń gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kò sí nínú ikọ̀ kankan, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ wo pápá fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ pápá àtijọ́ ní Nàìjíríà, iyanrìn tí a pò mọ́ epo ni ó yí ihò ká dípò koríko. Bíráùn ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹsẹ̀ tí a bá fi tẹ̀ ẹ́ ni ó ń hàn. Bí ikọ̀ kan bá gbá tiwọn tán tí wọn kò wọ́ ọ kí ó tẹ́jú padà, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gbá bọ́ọ̀lù lórí ìwà wọn. Bákan náà ni kòtò iyanrìn tí a kò fi ráàkì tẹ́, àti àkókò tí a ń fi ṣòfò nígbà tí ikọ̀ mẹ́ta ń dúró lẹ́yìn.

Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù, torí pé ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá gan-an ni. Nínú àwùjọ wa, ọmọdé kì í pe àgbà ní òpùrọ́. Wọ́n tilẹ̀ kọ́ wa pé àgbà kì í purọ́, ó kàn ń gbàgbé ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹ̀kọ́ yìí lọ sórí pápá gọ́ọ̀fù níbi tí ọ̀gá àgbà àti akọ̀wé kékeré ti jọ wà nínú ikọ̀ kan. Ọ̀gá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀meje, ó ní kí wọ́n kọ márùn-ún. Akọ̀wé wo ni yóò sọ pé, "Sà, méje ni"? "Ẹ kú orí ire, sà" ni yóò wí, yóò sì kọ márùn-ún. Bí akọ̀wé bá wá fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù tirẹ̀ láìmọ̀, ọ̀gá yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ìwọ, mo rí ọ o!"

Ṣé ẹ rí i báyìí? Òfin tí a dẹ̀ láìsọ ọ́ jáde kì í dẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá nìkan ni ó ń dẹ̀ fún. Ìdí nìyí tí mo fi ń wí pé gbogbo ìdẹ̀ra gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kéde kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbéra. Kí àdéhùn máa sọ̀rọ̀, kí ọmọdé má baà ní láti sọ̀rọ̀. Ìtìjú tí kò ní bá ọ̀gá, ẹ̀rù tí kò ní ba ọmọ iṣẹ́, inú ìkéde ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó wà.

Àwọn tí yóò ta kò mí

Ẹni àkọ́kọ́ yóò ní àṣà òyìnbó amúnisìn ni gbogbo èyí, ohun tí wọ́n kó wá sí Ìkòyí àti àwọn ìlú mìíràn fún ìgbádùn ara wọn. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Kíkọ́ pé ẹ̀wù gbọ́dọ̀ ní kọ́là, àti irú ṣòkòtò tí ó tọ́, ẹ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe ìwà. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbà kí a wọ bùbá àti ṣòkòtò lọ gbá gọ́ọ̀fù níbi ìjáde, èmi kò rí ohun tí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ nígbà tí ẹnìkan fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Títún ibi tí a bàjẹ́ ṣe, sísan owó alágbàṣe, kíkìlọ̀ fún ẹni tí ewu ń bọ̀ lórí rẹ̀, òyìnbó wo ni ó kọ́ wa?

Ẹnìkejì yóò ní owó àánú ni a ń kó jọ, ta ni ó ń wo òǹkà. Èsì mi ni pé bí òǹkà kò bá já mọ́ nǹkan, ẹ má fi ẹ̀bùn lé e lórí. Bí ẹ bá ti gbé ife àti ẹ̀rọ amúlétutù kalẹ̀ fún ikọ̀ tí ó bá borí, òǹkà irọ́ ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ òótọ́. Ẹni tí ó bá ra mulligan fún àánú, kí ó lò ó ní gbangba. Ẹni tí kò rà tí ó sì ń lò ó, àwọn aláàánú gan-an ni ó ń jà lólè.

Ẹnìkẹta yóò ní eré tí ó ní ìlànà tó báyìí kò lè dùn. Ẹ jẹ́ kí a bi ayò ọlọ́pọ́n léèrè. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Eré abẹ́ igi ni, eré ìrọ̀lẹ́. Ẹnu kì í dákẹ́ níbẹ̀: ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran ń dá sí i, ẹ̀rín ń sọ. Ẹnu ni a dẹ̀, a kò dẹ ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kì í ní "eré ni" kí ó ti ọmọ ayò kan sínú ihò tí kò tọ́. Bí ihò alátakò bá sì ṣófo, ìlànà ayò ni pé kí n ta èyí tí yóò fún un ní ohun tí yóò ta, bí mo bá ní in. Ẹ gbọ́ o: eré tiwa fi àánú sínú òfin. Ó sì dùn, ó ti dùn fún ọ̀pọ̀ ìran.

Ohun tí ó yẹ kí a kéde

Nítorí náà, kí ìjáde tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan dìde dúró kí ó sọ nǹkan márùn-ún yìí kí gbogbo ènìyàn gbọ́, àti kádì náà:

1. Àwọn òfin tí a dẹ̀ lónìí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀gá àti fún ọmọ iṣẹ́.
2. Iye tí a gbọ́dọ̀ gbá kí a tó ṣa bọ́ọ̀lù, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn má baà dúró gbẹ.
3. Pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù tí ó bá ṣì lè kan àwọn tí ó wà níwájú, àti pé kí gbogbo ènìyàn mọ igbe "Fore!"
4. Ẹni tí yóò kọ òǹkà ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó sàn kí ó jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ náà.
5. Iye owó kádì, ẹni tí yóò san án, àti pé a óò san án kí a tó jẹun.

Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbá bọ́ọ̀lù sínú omi, ẹ fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ tún un gbá. Bí ẹnìkan bá wá ní "eré ni", yóò jẹ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kì í ṣe eré fún ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní ó di ọjọ́ ìdíje kí a tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ní àtakò, kí ó gbé e wá, a óò jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dìgbà kan ná. Ire o.